Èènì Tí Wọ́n Fi Sí Àkókò Mi

Màmá mi kì í pariwo. Gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n lò níwájú àwọn ọmọ iléèwé onítẹ̀bọmi ní Ìwó, ó sì yẹ kí ohùn wọn ti le, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ bá èèyàn wí, ńṣe ni wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, títí onítọ̀hún á fi sún mọ́ wọn láti wá gbọ́ èébú ara rẹ̀. Èmi àkọ́bí wọn, ìbínú bàbá mi ni mo jogún, n kò jogún sùúrù tiwọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìyà méjì ni wọ́n fi ń jẹ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá tó ló ń fi ariwo kún un.

Bóyá torí pé ohùn wọn rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a kò fi tètè mọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha. A ní ọyẹ́ ni. Nígbà tí ọyẹ́ kọjá, a ní eruku ni, nítorí títì tí wọ́n ń ṣe níwájú ilé. Wọ́n lá oyin, wọ́n jẹ orógbó, wọ́n mu omi gbígbóná. A pẹ́ gan-an lórí ọ̀rọ̀ eruku yìí kí a tó dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni dókítà ti sọ fún wa pé nǹkan kan wà lọ́nà ọ̀fun wọn tí kò dára, àti pé àwọn máa ní láti yọ gbogbo ibi tí ohùn ti ń jáde kí ẹ̀mí wọn lè dúró. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Màmá mi mi orí, wọ́n ní ó ṣeun. Nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀ wá sílé, èmi ni mo sunkún. Wọ́n ní kí n nu ojú mi, pé awakọ̀ ń wò wá nínú dígí.

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sílé. Ibùdó ìwádìí kékeré kan ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ilé-Ogbó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó àkọsílẹ̀ òjò àti ìkórè àwọn àgbẹ̀ ìhà Olúpọ̀nnà àti Kuta jọ, kí n sì máa fi kọ̀ǹpútà wá ohun tó fara pamọ́ sínú wọn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kò lè gbé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, yàrá kan wà ní ibùdó wa tí wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá jọ sí, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Agbo la máa ń pè é. Gbogbo wa la jọ ń lò ó: èmi, àwọn tó ń wo àrùn ẹ̀gẹ́, àwọn tó ń yẹ oògùn wò, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti ìlú mìíràn wá.

Agbo yìí ló fún mi ní èrò náà. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn fi kọ́ ẹ̀rọ láti dá ewé mọ̀ àti láti dá ojú mọ̀. Mo wá rò ó pé bí a bá gba ohùn màmá mi sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, tí a sì fi ohùn náà sílẹ̀ fún agbo kó máa kọ́ ọ, ẹ̀rọ lè mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ohunkóhun tí màmá mi bá tẹ̀ sórí fóònù, fóònù á sọ ọ́ jáde ní ohùn wọn. Àwọn ohùn tó ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀ ń sọ Yorùbá bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, n kò sì lè fi irú ìyẹn sí màmá mi lẹ́nu. Mo kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà alágbèéká mi dán an wò. Ó gbóná títí mo fi bẹ̀rù pé á jó aṣọ tábìlì.

A gba ohùn náà sílẹ̀ nínú yàrá wọn, pẹ̀lú fèrèsé títì, nítorí ewúrẹ́ àti ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ilé kejì. Ooru mú wa. Wọ́n ka Bíbélì, wọ́n ka ìwé àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe pàdé bàbá mi, wọ́n sì tún un sọ nígbà tí mo ní ti àkọ́kọ́ kò dùn tó. Bí ẹni tí wọ́n mọ̀ bá ń kọjá níta, wọ́n á dá ìwé kíkà dúró, wọ́n á kí i láti ẹ̀yìn fèrèsé títì: "Ẹ kú ọ̀sán o, ṣé àwọn ọmọ wà?" Ẹni náà kò ní gbọ́. Ohùn wọn ti ń ha nígbà yẹn, ṣùgbọ́n tiwọn ni.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ̀. Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn wa, ní ẹni tó ń fẹ́, a sì mọ ọmọkùnrin náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn rẹ̀ kò tíì wá. Mo ní kí màmá mi súre ìgbéyàwó fún un kí n gbà á sílẹ̀, kó wà níbẹ̀, ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n pa ìwé ọwọ́ wọn dé.

"Ẹni tí wọn ò tíì wá tọrọ lọ́wọ́ mi ni kí n máa súre ilé ọkọ fún?"

"Màmá, torí iṣẹ́ abẹ ni."

"Mo mọ̀ pé torí iṣẹ́ abẹ ni. Àdúrà kì í ṣe gààrí tí wọ́n ń dì sápò de ìgbà ọ̀wọ́n. Tó bá dọjọ́ ẹ̀, mo máa ṣe é."

Ó bí mi nínú. Mo ní ṣé wọ́n gbọ́ ohun tí dókítà wí ṣá. Wọ́n ní àwọn gbọ́. N kò tún dá a sílẹ̀ mọ́, nítorí mo mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá ń súre sílẹ̀ de ọjọ́ tí kò tíì dé, ó ti ń dágbére nìyẹn, wọn kò sì fẹ́ dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí n sọ irú àdúrà tó jẹ́. Nílé wa, kí ìyàwó tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á súre fún un. Nígbà tèmi, bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣe tiwọn, àwọn ará àdúgbò sì gbọ́ ọ láti ìta. Lẹ́yìn náà ni màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ẹnu sí mi létí, wọ́n sọ tiwọn sí èmi nìkan. Àwọn àgbà ilé ń kùn pé àwọn kò gbọ́ ibi tí àwọn máa ṣe àmín sí. N kò ní kọ ohun tí wọ́n sọ fún mi síbí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti gbé mi dúró nílé ọkọ mi. Ohun tí àbúrò mi náà ń retí nìyẹn. Bàbá wa ti kú, màmá nìkan ló kù tó lè gbé ọwọ́ lé e lórí.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, bí wọ́n ṣe máa ń wí. Ẹ̀mí wọn dúró. Ihò kékeré kan wà lọ́rùn wọn tí èémí wọn ń gbà, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n sì fi ń bò ó. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, wọ́n á fà á lé wa lọ́wọ́ kí a kà á. Tíṣà ni wọ́n, wọn kì í tẹ ọ̀rọ̀ láì fi àmì sí i, nítorí náà gbólóhùn kúkurú máa ń pẹ́. Ẹni tó wá kí wọn á ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn kí ìdáhùn wọn tó jáde. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú wọn bíi pé wọn kò sí níjòókòó. Mo máa ń bínú sí i, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà wá, wọ́n tọrọ àbúrò mi, a sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá mi fa fóònù wọn lé mi lọ́wọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ìgbà wo ni ohùn mi máa ṣe tán? Mo fẹ́ súre fún ọmọ mi." Wọn kò béèrè rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà. Èmi náà kò sì jókòó lásán láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ: mo ń gé ohùn tí a gbà sílẹ̀ sí wẹ́wẹ́, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé láìsí ìyẹn, ẹ̀rọ kò lè kọ́ ohunkóhun. Mo ti fẹ́ẹ̀ parí. Mo ní ó máa ṣe tán kí ọjọ́ náà tó pé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lórí agbo, èèyàn kì í kàn dé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń pín wa, Apínṣẹ́ ni àwa ń pè é. O máa kọ ohun tí o fẹ́ ṣe, iye kọ̀ǹpútà tí o nílò, àti àkókò tí o rò pé ó máa gbà, o máa fi sílẹ̀, Apínṣẹ́ á sì tò ọ́ sí ìlà. Bí àkókò tí o tọrọ bá pé tí iṣẹ́ rẹ kò tíì parí, á pa á, kò ní bẹ̀ ọ́. Bí o bá sì tọrọ àkókò gígùn, wàá dúró títí á fi rí àyè tó gba gígùn rẹ. Kò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n yàtọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn gan-an sì ni àwa kò lè fara dà lára rẹ̀. Ní ibùdó wa, bí ọmọdé bá rí i pé iṣẹ́ àgbà wà lẹ́yìn tòun lórí ìlà, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Á yọ tirẹ̀ kúrò, á lọ fi í sẹ́yìn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kúnlẹ̀ bẹ olùkọ́ rẹ̀ pé kó má bínú, pé kọ̀ǹpútà ló dá òun lóhùn ṣáájú. Olùkọ́ náà ní kò burú, òun ti dárí jì í.

Nígbà tí ohun gbogbo wà ní sẹpẹ́, ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ibùdó wa fẹ́ pààrọ̀ àwọn bátìrì tó ń gbé iná yàrá agbo dúró. Àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe é ti dá Sátidé. Tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n máa pa gbogbo agbo, ó sì di ìgbà tí bátìrì tuntun bá wọlé. Wọ́n ti sọ fún Apínṣẹ́ pẹ̀lú, kó má baà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò ní lè parí kí iná tó kú. Ìṣirò tèmi ni pé ọjọ́ méjì máa tó ohùn màmá mi. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Àyè wà níbẹ̀, ó tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ibùdó ló ń sáré kí Sátidé tó dé, ìlà náà sì gùn gan-an. Mo wo ibi tí mo wà lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni.

N kò bẹ ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ń wo àrùn ẹ̀gẹ́, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló bi mí pé kí ló ṣe mí tí ojú mi rí báyìí, mo sì sọ fún un. Ó dìde, ó lọ bá èkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà, tó ní àbájáde tó gbọ́dọ̀ kó lọ sí àpérò, dá tirẹ̀ dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá tiwọn dúró. Àní ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí a kì í bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ dá tirẹ̀ dúró, ó ní ta ni kò ní ìyá. Mo rí i bí iṣẹ́ mi ṣe ń gòkè títí ó fi dé orí pátápátá. Ó ku kí iṣẹ́ tó ti ń lọ nínú agbo tẹ́lẹ̀ parí ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí tèmi wọlé. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo fọ ojú mi, mo padà wá.

Ọ̀gá ibùdó wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, nìkan ló ní àṣẹ láti fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn nínú agbo. Àgbà tó mọyì ara rẹ̀ ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ràn kí ohun rere ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn kí n tó kúrò, nítorí pé ní ìdájí ọjọ́ kejì ni mo máa gbé màmá mi lọ sí Ìbàdàn kí dókítà lè yẹ ọgbẹ́ ọrùn wọn wò.

"Mo ti gbọ́," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ mélòó lo tọrọ?"

"Ọjọ́ méjì, sà."

"Ọjọ́ méjì fún ohùn ìyá èèyàn? Ṣé o fẹ́ kó pa á sí agbedeméjì ni? Jẹ́ n bá ọ fi èènì sí i."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣé, sà. Èènì tí èmi mọ̀ kì í ju ẹyọ àkàrà kan lọ lórí èyí tí mo rà. Mo rò pé wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń wí.

Ní Ìbàdàn, wọ́n dá wa dúró. Màmá mi ń wúkọ́ láti inú ihò yẹn, dókítà sì ní kí wọ́n sùn sọ́dọ̀ àwọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn náà kò lágbára tó láti wo agbo láti orí fóònù mi. Mo jáde sí ìta, mo pe Bàbá.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́nì kankan níwájú rẹ. Ìyá ń kọ́?"

Mo ní wọ́n wà pa. Mo wọlé lọ sọ fún màmá mi pé iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan mìíràn, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo na ọrùn láti wò ó, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù. Àdúrà náà ni. Ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa ṣe é ti ń bọ̀, wọ́n sì ń múra rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní iléèwé.

Òwúrọ̀ Sátidé ni a padà dé Ìwó. Mo já màmá mi sílé, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Kí n tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá agbo ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ṣe. Yàrá náà máa ń hó ni tí iṣẹ́ bá wà nínú rẹ̀, èèyàn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ yẹn, mo gbọ́ bí bàtà mi ṣe ń dún nílẹ̀. Mo jókòó, mo ṣí ìlà. Iṣẹ́ mi wà lórí, òun nìkan, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àkókò tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ méjì mọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni. Apínṣẹ́ kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: kò sí àyè tó tó bẹ́ẹ̀ kí iná tó kú. Ó ti ka ọjọ́ mẹ́rin láti Ọjọ́rú, ó rí i pé ó kọjá Sátidé, ó sì dúró. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké ìyókù, tí ì bá wọlé láti lo àyè náà, gbogbo wọn ni àwọn olóore mi ti dá dúró nítorí mi. Gbogbo agbo wà lófìfo láti alẹ́ Ọjọ́rú. Kò sí ẹni tó lò ó.

Mo pe Bàbá, wọ́n wá. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà.

"Ṣebí ìwọ ló wà níwájú," ni wọ́n wí.

"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n kò sáyè ọjọ́ mẹ́rin mọ́. Ọjọ́ méjì ì bá wọlé."

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀, "Mo fi èènì sí i ni."

Mo fẹ́ pariwo. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe èyí tí ọmọ máa ń sọ sí irú àgbà bẹ́ẹ̀, mo gbé e mì, ó sì wà nínú mi títí di òní. Ẹni tó bá ṣe ọ́ níkà, o lè bá a jà. Kí ni kí n fi ẹni tó ṣe mí lóore ṣe? Bàbá fúnra wọn jáde lọ bá àwọn tó wá pààrọ̀ bátìrì, wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ti tú ìdajì èyí tó wà nílẹ̀, pé ìdajì tó kù kò lè gbé iná dé alẹ́. Wọ́n pa agbo ní ọ̀sán bí wọ́n ṣe wí. Obìnrin tó ń wo àrùn ẹ̀gẹ́ bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ṣé ohùn màmá ti jáde, ṣé kò ní jẹ́ kí àwọn gbọ́. Mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì wọlé lọ sídìí tábìlì rẹ̀. Òun náà ti pàdánù iṣẹ́ tirẹ̀ lásán.

Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ní bátìrì tuntun máa gbà. Irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé dé kò bá yàrá náà mu, wọ́n dá a padà. Gbogbo ẹni tí mo bi ní Ọlọ́run kò ní ṣe é tì. Ó sú mi títí n kò fi fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó pé, agbo ṣì wà nínú òkùnkùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo bẹ màmá mi kí wọ́n jẹ́ kí n bá àwọn ka ohun tí wọ́n kọ jáde. Wọ́n mi orí pé rárá. Mo ní kí àbúrò mi kà á fúnra rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi pé àdúrà ìyá kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́. Nígbà tí àbúrò mi kúnlẹ̀ ní pálọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí èmi náà, wọ́n gbé ẹnu sí i létí. Mo rí i tí ètè wọn ń mì. Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun retí kí òun gbọ́ èémí wọn létí òun, ó kéré tán, ṣùgbọ́n èémí wọn kì í gba ẹnu jáde mọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ẹnì kan ṣe àmín níbi tí kò yẹ, ẹlòmíràn sì wúkọ́. Nígbà náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí wọ́n dàgbà ju gbogbo wa lọ nílé, sún mọ́ iwájú. Wọ́n ní, "Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ẹ jẹ́ n bá wọn ṣe é, a ò ní pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì." Wọ́n gbé ọwọ́ lé àbúrò mi lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ màmá mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní ohùn tó dé ìta. Àdúrà tó dára ni. Gbogbo ilé ṣe àmín pẹ̀lú agbára, ara sì tù wọ́n. Màmá mi yọ ọwọ́ tiwọn kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n jókòó padà sórí àga, wọ́n tún aṣọ ọrùn wọn ṣe. Mo wò wọ́n, n kò sì lè lọ bá wọn, nítorí pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, màá sunkún, wọn kò sì fẹ́ ẹkún nínú ilé lọ́jọ́ yẹn.

Ìyàwó ti wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn kí agbo tó jí. Mo tún fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, mo tọrọ ọjọ́ méjì. Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ fún mi, n kò sì fẹ́ kí wọ́n yẹ̀. Mo tò sí ìlà bí gbogbo èèyàn, Apínṣẹ́ rí àyè, ó fi mí sí i, iṣẹ́ náà sì parí kí àkókò tó pé. Ohùn náà jáde bí mo ṣe fẹ́. Ó ha díẹ̀, ó rọlẹ̀, ó ń sọ Yorùbá bí ará Ìwó.

Mo gbé e lọ bá màmá mi lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Mo tẹ ìkíni sórí fóònù, mo sì jẹ́ kó sọ ọ́. Wọ́n ta gìrì, ọwọ́ wọn lọ sí ọrùn. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Omi wá sójú wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń rín in báyìí, láìsí ìró. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní kí wọ́n mú àdúrà tí wọ́n kọ wá. Mo ní a máa pe àbúrò mi lórí fóònù kejì nísinsìnyí, á kúnlẹ̀ níbi tó bá wà, wọ́n á sì súre fún un ní ohùn wọn.

Wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lẹ́, wọ́n fi àmì sí i. Mo rò pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà ni, mo ti ń wá nọ́ńbà àbúrò mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti bá mi súre fún un," ni ohùn màmá mi wí nínú yàrá náà.

Wọ́n da ojú fóònù dé lórí tábìlì, wọ́n dìde, wọ́n sì lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná.